Bébà Pupa Abẹ́ Bátìrì

Lúsì kọ́kọ́ wọ́n omi náà sí ẹ̀yìn fóònù, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó rò ó pé ènìyàn ló ń wo òde. Inú ni Ọlọ́run ń wò. Bí ìbùkún yóò bá mú nǹkan yìí, inú ni kí ó dé. Ó fi èékánná ṣí ẹ̀yìn fóònù ọkọ rẹ̀, ó yọ bátìrì sílẹ̀ lórí tábìlì, ó mú ìgò omi ìyè tí wọ́n gbàdúrà sí ní ìpàdé àwọn ìyá ní Ọjọ́bọ̀, ó sì kán díẹ̀ sí ibi tí bátìrì ti kúrò. Díẹ̀ náà ni, bí ìrì orí ewé.

"Olúwa," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Ìwọ tí O sọ omi di wáìnì, sọ àtijọ́ yìí di tuntun fún wa."

Ó fi etí ìborùn nù ún, ó dá bátìrì padà, ó pa á dé, ó sì tẹ̀ ẹ́. Iná rẹ̀ tàn. Háà! Bí ìmọ́lẹ̀ kékeré yẹn ṣe là nínú yàrá tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ sí, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ṣe àmín láti inú rẹ̀ wá. Lúsì dúró síbẹ̀, ó ń wo iná náà. Símíónì ọkọ rẹ̀ ń sùn lórí ibùsùn, Ṣeunfúnmi ọmọ wọn ń sùn lórí ẹní. Kò jí ẹnì kan nínú wọn láti sọ ọ́ fún un. Àdúrà ìkọ̀kọ̀ kò gba ariwo. Ẹni tó rí i níkọ̀kọ̀ ni yóò san án ní gbangba.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Símíónì kò fẹ́ jẹun.

"Ẹ fi ẹ̀kọ yìí jẹ àkàrà díẹ̀, Bàbá Ṣeun. Ẹ̀gbẹ́dá kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé."

"Tá a bá dé, màá jẹun. Oúnjẹ ò lè gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá báyìí."

"Ṣé Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá tún pè ni?"

"Ó pè lánàá. Ó ní ìkẹyìn ìpè òun nìyẹn. Láti Mọ́ńdè lọ, orí Wọ́sáàpù lòun á máa ju iṣẹ́ sí, ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ni ín. Mo ní, 'Ọ̀gá, fóònù tèmi ò gbé Wọ́sáàpù.' Ó ní, 'Símíónì, ṣé èmi ni mo ṣe fóònù rẹ?' Ó sì gé e."

Lúsì gbé àwo àkàrà náà kúrò. Púlọ́ńbà ni ọkọ rẹ̀, Ọdẹ́tọ́lá yìí ló sì ń bójú tó àwọn ilé tí wọ́n ń háyà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àdúgbò wọn títí dé ibùdókọ̀ Pleasure. Bí páìpù bá bẹ́, bí ìkùdù bá kún, òun ló ń pe Símíónì. Owó ilé wọn ní Ìdímù, láti ibẹ̀ ni. Owó ilé ìwé Ṣeun, láti ibẹ̀ ni. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì tí Símíónì ń lò kò mọ̀ ju kí a pè é kó dún lọ.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí inú ilé fi dùn nígbà tí ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé sípíkà sí bẹ̀rẹ̀ sí kiri Ìdímù láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ilé ìtajà fóònù ńlá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ló rán an. "Ẹ mú àtijọ́ wá, ẹ gba tuntun lọ! Bó ti wù kó gbó, tó bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi owó díẹ̀ lé e!" Lúsì ti kó èésú rẹ̀ láìtọ́jọ́ nítorí owó díẹ̀ yẹn. Ó sì ti sọ fún ìyá ìjọ pé kí wọ́n fi ààyè ìdúpẹ́ sílẹ̀ fún òun lọ́jọ́ Àìkú.

Ìdíátù, aládùúgbò wọn tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tiwọn, ti ń kan ilẹ̀kùn. Onídìrí ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì ní fóònù àtijọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé ẹ̀ ń lọ àbí ẹ̀ ń gba ààwẹ̀? Àwọn oníbàárà mi ti sú mi. 'Ìyá Zúlàí, mo fi àwòrán irun ránṣẹ́ sí yín.' Ránṣẹ́ síbo? Sínú tọ́ọ̀ṣì?"

Símíónì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó mú fóònù rẹ̀ lórí tábìlì, ó fa ọ̀rá funfun kan yọ lápò, ó sì wé e jẹ́jẹ́, ó ká etí ọ̀rá náà sínú ara wọn.

"Bàbá Ṣeun, ẹ wé e bí ọmọ tuntun," Ìdíátù wí.

"Iṣẹ́ omi ni iṣẹ́ mi, Ìyá Zúlàí. Ẹni tó ń bá omi ṣe, kó máa bẹ̀rù omi. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́, inú ọ̀rá ló ń wọ̀, màá sì so ó kọ́ jìnnà. Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, fóònù yìí ò mọ bí omi ṣe ń rí."

Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan fi ìka tútù kan Lúsì láyà. Ó wo ìgò omi ìyè lórí tábìlì. Ó gbé ojú kúrò. Omi ìbùkún kì í ṣe omi lásán, ó sọ fún ara rẹ̀, ó sì jáde tẹ̀ lé wọn.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n wọ̀ dé Ẹ̀gbẹ́dá. Ilẹ̀kùn gíláàsì ilé ìtajà náà kò dúró kí wọ́n ti òun. Bí wọ́n ti súnmọ́ ọn, ó yà sí méjì fúnra rẹ̀, bí òkun ṣe yà fún àwọn tó ń sá kúrò ní Íjíbítì. Lúsì dúró lójú kan. Afẹ́fẹ́ tútù jáde wá pàdé wọn, ó gbé òórùn nǹkan tuntun dání. Nínú lọ́hùn-ún, ilẹ̀ ń dán débi pé ó ń rí òjìji ara rẹ̀ tó dorí kodò níbẹ̀. Fóònù tò lọ bẹẹrẹ lórí tábìlì gíláàsì, olúkúlùkù pẹ̀lú iná tirẹ̀, bí ìràwọ̀ tí a ti yan ipò fún. Kò mọ ìgbà tí orúnkún rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, bí ó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ bó bá ń gba iwájú pẹpẹ kọjá.

"Ìyá Ṣeun, nà ró jàre," Ìdíátù fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Ẹ̀rọ ló ṣílẹ̀kùn, kì í ṣe máláíkà."

"Mo mọ̀. Ẹni tó fún wọn lọ́gbọ́n tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà ni mò ń kí."

"Ó ti gbọ́. Ó yá, tẹ̀ síwájú kí wọ́n má gba ipò wa."

Èrò pọ̀ lórí ìlà. Oníkálukú di àtijọ́ tirẹ̀ mú bí ẹni tó mú adìẹ wá sọ́jà. Ohun kan kò yé Lúsì: àwọn tó ti dé iwájú ń padà bọ̀, kò sì sí páálí tuntun lọ́wọ́ wọn. Bàbá àgbàlagbà kan tó wọ dàǹṣíkí, Bàbá Oyèníran, tí wọ́n jọ máa ń ríra ní ibùdókọ̀ Ìdímù, gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ṣé wọ́n ti fún yín?" Lúsì bi í.

"Wọ́n ní tèmi ti bọ́ sómi." Bàbá náà gbé fóònù rẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo ọgbẹ́. "Mò ń rántí ibi tí mo ti wẹ odò ni mo ṣe jókòó."

Nígbà tó kàn wọ́n, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà lẹ́yìn tábìlì. Orúkọ rẹ̀, Olúgbénga, hàn gbangba lórí káàdì tó fi kọ́ ọrùn. Ara rẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yá.

"Dádì, ẹ káàárọ̀. Ẹ gbé e wá ká wò ó. Èwo lẹ fẹ́ gbà?"

Símíónì tọ́ka sí ọ̀kan nínú gíláàsì, èyí tó láwọ̀ aró. Ìka rẹ̀ kò kan gíláàsì náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tú ọ̀rá, ó tẹ fóònù àtijọ́, iná tàn. Ó fi pe fóònù mìíràn, ó dún. Ó tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó pa á.

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ tọ́jú ẹ̀ gan-an."

Símíónì wo ìyàwó rẹ̀. Ojú ọkùnrin náà dà bí ti ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti gba ẹ̀bùn níwájú ìjọ. Lúsì ti ń ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ rẹ̀ nínú ọkàn.

Olúgbénga ki èékánná bọ ẹ̀yìn fóònù, ó ṣí i pẹ̀lú agbára, nǹkan kékeré kan ṣẹ́ níbẹ̀. Ó yọ bátìrì. Ó tan iná sí i.

"Ó ti bọ́ sómi, Dádì."

"Èwo?"

"Ti yín yìí. Ẹ rí bébà kékeré yìí? Funfun ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Bómi bá kàn án, á pọ́n. Ẹ wò ó."

Lúsì na ọrùn, ó sì rí i. Bébà náà kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Ó pọ́n yòò.

Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ẹ̀rù owó. Láàárọ̀ yẹn, ó dá a lójú pé kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, òun àti Ọlọ́run nìkan. Kò mọ̀ pé ẹlẹ́rìí kan wà lábẹ́ bátìrì, tí kò lójú, tí kò lẹ́nu, tó sì ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni ènìyàn lè ṣe níbi tó ṣókùnkùn tí nǹkan kan kò ní í pọ́n nítorí rẹ̀? Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ahọ́n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu.

"Bọ̀dá," Símíónì wí pẹ̀lú sùúrù, "mo ṣí fóònù yìí lánàá, mo fi aṣọ gbígbẹ nu inú rẹ̀. Mo rí bébà yẹn. Funfun ni."

"Ẹ̀yin lẹ rí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, Dádì?"

"Púlọ́ńbà ni mí."

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn kígbe pé, "Púlọ́ńbà ní omi ò kan fóònù òun rí! Ẹja náà á ní òun ò mọ ọ̀nà odò!"

Olúgbénga tẹ kakulétọ̀, ó yí i sí wọn. "Ohun tá a lè gbà á nìyí." Owó náà kò lè ra ẹja tútù tí ènìyàn mẹ́ta yóò fi jẹ ẹ̀bà. Bó bá jẹ́ iye yẹn ni, èésú Lúsì àti ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ní í tó láti fi lé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò," Símíónì wí. "Ẹ sọ lórí sípíkà pé tó bá ṣáà ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ti rí i pé ó ń ṣiṣẹ́."

"Dádì, ìlà gùn lẹ́yìn yín. Irọ́ náà ò dáa. Ẹ̀yin àgbà tó yẹ kẹ́ ẹ máa kọ́ wa ni ẹ máa ń dúró síwájú mi lójoojúmọ́, ẹ ó máa purọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí balẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Ní ìjọ wọn, bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, wọn a ní, "Ẹ bi Símíónì." Bó bá ti fọhùn, ó parí. Nínú gbogbo ọdún tí Lúsì ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, kò gbọ́ ọ kó búra rí, kódà lórí ohun tó dá a lójú bí oòrùn ọ̀sán.

Símíónì ṣí fìlà. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ gbọ́ o. Èmi kì í búra. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo lè bí pè mí ní òpùrọ́. Bí omi bá kan fóònù yìí láti ọjọ́ tí mo ti rà á títí di òní, kí Ọlọ́run tí mò ń sìn má ṣe jẹ́ kí n—"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ẹni tó wà lórí ìlà ló mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ. Ẹ̀rín dá. Lúsì kò mọ bí ó ṣe ṣe é; àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọkọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn gírígírí níwájú gbogbo ayé.

"Ẹ má parí ẹ̀! Bàbá Ṣeun, lórúkọ Jésù, ẹ má parí ẹ̀! Èmi ni."

Símíónì yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lẹ́nu jẹ́jẹ́. "Ìwọ kí ni?"

"Èmi ni mo bomi sí i. Omi ìyè ni. Láàárọ̀ yìí, nígbà tẹ́ ẹ̀ ń sùn. Mo kọ́kọ́ wọ́n ọn sẹ́yìn, mo tún wá rò ó pé inú ló yẹ kó dé. Ni mo bá ṣí i."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín wó lulẹ̀ lé wọn lórí.

"Mọ́mì!" Olúgbénga fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ẹ ṣe ìrìbọmi fún fóònù!"

"Orúkọ wo lẹ sọ ọ́?" ẹni ẹ̀yìn tún kígbe. "Jòhánù àbí Pétérù?"

Símíónì kò rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀. Ojú tó fi ń wò ó, Lúsì kò rí irú rẹ̀ rí, kò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wolẹ̀, ó rí òjìji ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ dídán náà, ó dorí kodò.

Ìdíátù bọ́ síwájú. Ó gbé fóònù tirẹ̀ lé orí tábìlì, ó dún gbàá.

"Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Ṣí tèmi náà. Áfà fún mi ní omi hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ kéwú kúrò lára wàláà. Mo fi pa fóònù mi lójú, mo fi pa á nídìí, mo tún bú díẹ̀ mu. Ṣí i!"

Olúgbénga ṣí i. Ó pọ́n. Ẹ̀rín tún sọ, ṣùgbọ́n ti ẹ̀ẹ̀kan yìí kò lóró. Àwọn obìnrin méjì kan lórí ìlà ti ń bojú wo àpò ara wọn.

Ìgbà náà ni Bàbá Oyèníran dìde lórí bẹ́ǹṣì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

"Ọmọ mi, àwọn ìyá wọ̀nyí ti sọ omi tiwọn. Èmi kì í ṣe alásọtẹ́lẹ̀, n kò sì lọ sọ́dọ̀ Áfà. Orí rédíò ni fóònù mi ń gbé. Ta ló bomi sí tèmi?"

"Tèmi náà ńkọ́?" obìnrin kan wí. "Abẹ́ ìrọ̀rí ló ń sùn."

"Ẹ jẹ́ ká ṣí i ká rí i," ohùn kan wí láti àárín ìlà.

Kò sí ẹni tó pàṣẹ. Lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ ẹ̀yìn fóònù wọn: fóònù awakọ̀, ti aránṣọ, ti ìyá tó ń dín ẹran lẹ́bàá iná, ti bàbá tó ń fi í sápò àyà la òjò Òkè-Odò kọjá. Pupa. Pupa. Pupa. Wọ́n nà án síwájú lórí àtẹ́lẹwọ́. Lúsì wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Òógùn ni. Ooru ni. Òjò ọdọọdún ni. Nínú ilẹ̀ tí omi ti ń bọ́ láti ọ̀run àti láti iwájú orí ènìyàn, ta ni bébà rẹ̀ yóò funfun? Àwọn tó sì kọ ọ̀rọ̀ orí sípíkà yẹn, ṣé wọn kò mọ̀?

"Ọmọ mi," Bàbá Oyèníran wí, ohùn rẹ̀ kò ga, "tìrẹ ńkọ́?"

Fóònù kan wà nínú àpò àyà Olúgbénga. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé e. Kò yọ ọ́. Ó wo ẹ̀yìn, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ jókòó sí nínú yàrá gíláàsì. Ẹni yẹn na ọwọ́, ó sì fa aṣọ fèrèsé bo gíláàsì náà.

"Bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é nìyẹn, Bàbá," Olúgbénga wí. Kò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́ mọ́.

Ẹ̀yìn fóònù Símíónì kò dé mọ́, eyín rẹ̀ ti ṣẹ́. Olúgbénga wá rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, ó fi dè é fún un. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ilé ìtajà náà lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Nínú kẹ̀kẹ́, Ìdíátù di ọwọ́ Lúsì mú. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Má sunkún mọ́. O ò rí i pé ti gbogbo wa ló pọ́n?"

"Ti gbogbo yín ló pọ́n," Lúsì wí. "Tiwa funfun. Títí di àárọ̀ yìí, Ìyá Zúlàí, tiwa nìkan ló funfun."

Símíónì jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.

Ní ẹnu géètì wọn, àwọn tó ń pọnmi ti ń retí.

"Oníwọ́sáàpù ti dé! Bàbá Ṣeun, ẹ fi hàn wá ká fọwọ́ kàn án!"

"Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre," Ìdíátù dá wọn lóhùn. "Ẹ pọnmi yín. Ẹ sì ṣọ́ra, ẹ má jẹ́ kó ta sí fóònù."

Ṣeunfúnmi sáré jáde. Ó ti fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì nà wọ́n síwájú kí wọ́n má bàa kan nǹkan mìíràn. Símíónì gbé fóònù olórọ́bà náà lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà wò ó. Ó wo bàbá, ó wo ìyá. Ó gbé e wọlé lọ jẹ́jẹ́, ó sì fi sórí tábìlì lẹ́bàá ìgò omi ìyè.

Lúsì ro ẹ̀bà. Ó bu ọbẹ̀ ilá sí i, ó kó ẹja tó rà de ayọ̀ ọjọ́ náà sínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá sínú àwo ọkọ rẹ̀. Símíónì kò na ọwọ́. Ọbẹ̀ ń tutù. Ní yàrá òdìkejì wọ́n ń gbọ́ Ìdíátù tó ń ròyìn, ẹ̀rín ń sọ, wọ́n ń tún un bi í: "Lóòótọ́, ó fọwọ́ bo ọkọ ẹ̀ lẹ́nu?"

"Ẹ bú mi," Lúsì wí níkẹyìn. Ó ti kúnlẹ̀. "Bàbá Ṣeun, ẹ bú mi, kó tán. Ìdákẹ́ yìí ń pa mí. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ba iṣẹ́ yín jẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi kí n tó gbé ọwọ́ sókè?"

"Ẹ̀rù bà mí. Ahọ́n mi ò gbé."

"O jẹ́ kí ọmọdé pè mí ní òpùrọ́."

"Mo jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ dárí jì mí."

Símíónì ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kì í ṣe ìyẹn ló ká mi lẹ́nu kò láti àárọ̀, Lúsì. Kò sẹ́ni tó rí ọ. Bébà yẹn pọ́n, ṣùgbọ́n kò lè pe orúkọ rẹ. Bí o bá dákẹ́, ta ni ìbá mọ̀ láéláé? Màá búra tán, màá dé fìlà mi, a ó sì jọ wá sílé, ọ̀rọ̀ ẹnu mi á sì wà lọ́run níbẹ̀, á máa dúró dè mí." Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ìwọ tí o kì í lè dìde sọ̀rọ̀ níjọ kí ohùn rẹ má sọnù. O kó ìtìjú gbogbo ilé yẹn lé orí ara rẹ kí èmi má bàa fi ẹnu mi gé ara mi. Ojú mi rí i. N ò mọ ohun tí mo lè sọ sí i."

Lúsì gbé orí sókè. Ojú tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ilé ìtajà ló tún ń wò ó yìí. Ìgbà yìí ni ó tó mọ̀ ọ́n. Irú ojú tí òun fi wo iná kékeré inú òkùnkùn àárọ̀ yẹn ni.

"Ìgò yẹn dà?" Símíónì bèèrè.

Lúsì rò pé ó fẹ́ lọ dà á nù. Síbẹ̀ ó gbé e fún un.

Símíónì dìde, ó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó bu omi ìyè náà sẹ́nu. Ó fi yọ ẹnu rẹ̀, ó yọ ọ́ dáadáa, ó tú u sí gọ́tà. "Ẹnu tí mo fi búra nìyẹn," ó wí. Lẹ́yìn náà ó da ìyókù sínú ife. Ó mu díẹ̀, ó sì nà án sí ìyàwó rẹ̀.

"Mu ún. O ní inú ló yẹ kó dé, àbí?"

Lúsì gba ife náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Omi náà kò ju omi lọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá bí ohun tó mọ ibi tó ń lọ. Ṣeunfúnmi jókòó ní ìkángun ẹní, ó ń wò wọ́n, ó gbàgbé ọwọ́ tó fọ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́ńdè ńkọ́?" Lúsì bèèrè.

"Ní Mọ́ńdè, kí Wọ́sáàpù Ọdẹ́tọ́lá tó dún, ẹsẹ̀ mi á ti wà lẹ́nu géètì rẹ̀. Bó bá lé mi, Túsìdeè náà ń bọ̀." Ó jókòó, ó fa àwo súnmọ́ ara rẹ̀, ó pín ẹja náà sí mẹ́ta. "Ó yá, ẹ wá jẹun."

Ṣùgbọ́n kó tó fi òkèlè kan ọbẹ̀, ó na ọwọ́ sí orí tábìlì. Ó mú fóònù náà, ó nu ara rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó fa ọ̀rá funfun yọ lápò, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó sì wé e jẹ́jẹ́, pẹ̀lú rọ́bà ara rẹ̀, ó ká etí ọ̀rá sínú ara wọn bó ṣe máa ń ká a lójoojúmọ́, bí ẹni pé ó ṣì funfun.